Ẹlẹ́rìí Ni Tàbí Onídùúró? Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Adíwọ̀n Owó Onírin



Ẹnu lè ya ẹlòmíràn nínú yín pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ lórí owó onírin àtijọ́. Iṣẹ́ tiwa ni kí á ka nǹkan, kí á sì sọ bí ó ti dára tó. Ṣùgbọ́n a kì í sábà bi ara wa léèrè ohun tí yóò jẹ wá níyà bí ọ̀rọ̀ wa kò bá rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùṣàkójọ owó ní Amẹ́ríkà ti ń bèèrè ìbéèrè yìí fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, nítorí pé àpò wọn ni ó ń dùn wọ́n.

Bí owó onírin méjì bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún kan náà, tí a tẹ̀ wọ́n ní ilé kan náà, iye tí a ó tà wọ́n lè jìnnà síra gidigidi. Ọ̀kan ti kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí àwòrán ara rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Èkejì ń dán bí ìgbà tí ó jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. Látijọ́, ẹni tí ń tà á ni ó ń sọ bí ó ti rí, ta ni yóò sì pe ọjà ara rẹ̀ ní ọjà burúkú?

Ní 1949, William Sheldon, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn sẹ́ǹtì bàbà ńláńlá ti Amẹ́ríkà. Ó gbé òǹkà kalẹ̀ nínú rẹ̀ láti 1 dé 70: 1 ni èyí tí a kàn lè fi ojú dá mọ̀, 70 ni èyí tí kò lábùkù. Iye owó ni ó fi wọ̀n ọ́n níbẹ̀rẹ̀: bí èyí tí ó burú jù bá tó dọ́là kan, èyí tí ó dára jù yóò tó àádọ́rin. Ọjà tètè yí iye wọ̀nyẹn padà, ṣùgbọ́n òǹkà náà kò kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn ikú Sheldon ní 1977 ni ó wá hàn pé ó ti jí nínú àwọn sẹ́ǹtì tí ó wà ní ìpamọ́ American Numismatic Society ní New York, ó sì fi èyí tí kò dára tó wọn rọ́pò wọn. Ẹni tí ó gbé òṣùwọ̀n lé wọn lọ́wọ́ ni ó ṣe èyí! Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ òṣùwọ̀n náà nù.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kò lè wọn ara rẹ̀. American Numismatic Association, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1891, dá ọ́fíìsì kan tí à ń pè ní ANACS sílẹ̀ ní 1972 láti máa yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni. Ní 1979 ó bẹ̀rẹ̀ sí fún owó ní òǹkà. Fọ́tò àti ìwé ẹ̀rí ni olówó ń gbà. Nígbà tí ó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, ojú àwọn adíwọ̀n ti le sí i. Púpọ̀ nínú owó tí wọ́n ti pè ní 65 ni ọjà ń pè ní 63. Ẹni tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra 65 wá di ẹni tí ó ní 63 lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣe owó náà níbi tí ó ti wà nínú àpótí.

Ní 1986, PCGS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní California. NGC tẹ̀lé e ní 1987. Wọ́n ń ki owó sínú ike líle, wọ́n ń dì í pa, wọ́n sì ń kọ òǹkà àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú ike náà. Adíwọ̀n tí ó ju ẹyọ kan lọ ni ń wo owó kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì gbọdọ̀ mọ ẹni tí ó ni ín. Ike yìí ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi kì í ṣe òun ni ohun tuntun. Ohun tuntun ni ìlérí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, pé bí ilé-iṣẹ́ bá fún owó ní òǹkà tí ó ga ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ó pe ayédèrú ní ojúlówó, òun ni yóò san ìyàtọ̀ rẹ̀. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹlẹ́rìí àti onídùúró. Ẹlẹ́rìí lè ṣàṣìṣe kí ó sì lọ sùn. Onídùúró kò gbọdọ̀ sùn, nítorí pé bí ajigbèsè bá sá lọ, òun ni wọn yóò dógò tì.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùṣàkójọ tí ó gbọ́n ń bèèrè ni pé: kí ni wọ́n sọ pé àwọn yóò san, ǹjẹ́ wọ́n sì ní in láti san? Yóò ka ìwé àdéhùn náà dópin, nítorí pé ọ̀rọ̀ àyàfi máa ń wà nísàlẹ̀. Bí ẹni tí ó tẹ lébẹ́ẹ̀lì bá tẹ ọdún kan dípò òmíràn, fún àpẹẹrẹ, ìlérí náà kò kàn án. Wọ́n retí kí olùrà lo ojú rẹ̀. Ìjọba pàápàá dá sí ọ̀rọ̀ yìí: ní 1990, FTC, àjọ tí ń bójú tó òwò ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan PCGS lórí ìpolówó rẹ̀ pé dídíwọ̀n òun dúró lójú kan, kò sì ní èrò ọkàn ẹnikẹ́ni nínú. Àdéhùn ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Ta ni ń sanwó fún adíwọ̀n? Ẹni tí ó mú owó wá ni, òun kan náà ni ó sì ń fẹ́ kí òǹkà ga. Ẹnì kẹta yìí kò jìnnà sí ẹnì kìíní tó bí a ti rò. Ohun tí ń dá a lẹ́kun ni pé bí ó bá lawọ́ jù, ike rẹ̀ yóò di yẹpẹrẹ. Àwọn olùṣàkójọ a máa wo ọjà gbàǹjo: wọn a mú owó méjì tí ọdún àti òǹkà wọn jẹ́ ọ̀kan náà ṣùgbọ́n tí ike wọn yàtọ̀, wọn a sì wo iye tí a ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí 65 ti ilé-iṣẹ́ kan kò bá tà ju 63 ti òmíràn lọ, ọjà ti dá ẹjọ́.

Àrékérekè kan wà tí ó wù mí kí á dúró tì díẹ̀. Oníṣòwò kan gba 64, ó sì mọ̀ pé owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 65. Yóò fọ́ ike náà, yóò tún dá owó padà sí ilé-iṣẹ́ kan náà, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ tí ó bá gba 65, yóò gbé e lọ sọ́jà. Ẹni tí ó rí 65 tí kò tọ́ sí i gbà kì í dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti máàkì ìwé ìdánwò rí, ẹ rò ó wò: bí a bá gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti fi ìwé kan ṣoṣo sílẹ̀ títí yóò fi bá ọjọ́ tí inú olùkọ́ dùn pàdé! Kò sí adíwọ̀n tí ó purọ́, síbẹ̀ àṣìṣe tí ó lọ sókè ni ó ń kórajọ sínú ike, tí èyí tí ó lọ sísàlẹ̀ ń pòórá. Ó ń ba àkọsílẹ̀ iye owó tí ó wà ní òǹkà kọ̀ọ̀kan jẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé a lè ka ẹyọ kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Ìdí nìyí tí John Albanese, tí ó dá NGC sílẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ CAC ní 2007 láti máa yẹ owó tí ó ti wà nínú ike ilé-iṣẹ́ méjèèjì wò. Èyí tí òǹkà rẹ̀ dúró dáadáa, wọn a lẹ àmì àwọ̀ ewé mọ́ ọn. Èyí tí ó dára ju òǹkà rẹ̀ lọ, wọn a lẹ àmì àwọ̀ wúrà. Ìyókù, wọn a dá a padà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọjà gbọ́ tirẹ̀ ni pé ó ń fi owó ara rẹ̀ lé e láti ra èyí tí ó lẹ àmì mọ́. Ní 2023, CAC náà bẹ̀rẹ̀ sí ki owó sínú ike tirẹ̀. Adájọ́ tí ń ṣe ìdájọ́ àwọn adájọ́ ti wá bá wọn jókòó. Inú mi kò dùn sí i tó.

Kì í ṣe owó Amẹ́ríkà nìkan ni ó ń bọ́ sínú ike wọ̀nyí. Owó tí àwọn bàbá wa ná náà wà níbẹ̀. Mo ra ṣílè fàdákà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti 1913, tí igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan, tí n kò ní dárúkọ, ti pè é ní 66, mo sì sanwó bí ẹni ra 66. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ó padà wá láìní òǹkà: wọ́n ní ẹnì kan ti fọ̀ ọ́. Mo gbé e sábẹ́ fìtílà, mo ń yí i. Dídán owó tí a kò fọ̀ rí máa ń yí ká bí a ti ń yí i. Tèmi dúró sójú kan, ìlà wẹ́wẹ́ sì kún ara rẹ̀ bí ìgbà tí a fi kànrìnkàn ha àwo. Ìlà wọ̀nyí ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á. Ike ni mo kà, n kò ka owó. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò sì ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni. Mo wá ìlérí nínú ìwé wọn, n kò rí i.

Mo mú un wá lónìí láìsí ike. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó lè bọ́ síwájú bí a bá ti parí. Ẹ fi ìka mú un ní etí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀.