Ilẹ̀ Títú, Ajílẹ̀ Yùríà àti Àpò Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé àpapọ̀)



Láìpẹ́ a óò pinnu iye owó tí a óò yá láti ra ajílẹ̀ fún àgbàdo òjò àkọ́rọ̀. Gbogbo wa ni a óò fọwọ́ sí gbèsè náà. Bí ẹnì kan kò bá rí tirẹ̀ san, àwọn yòókù ni yóò san án. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣírò kí a tó fọwọ́ síwèé.

Náítírójìn ni ohun tí a ń rà nínú yùríà, kì í ṣe àpò. Àpò yùríà oníkìlò 50 ní kìlò náítírójìn 23. Àpò NPK 15-15-15 tó tóbi bákan náà ní kìlò méje ààbọ̀ péré. A mọ̀ pé owó ọjà kì í dúró lójú kan, nítorí náà àpẹẹrẹ ni a fẹ́ ṣe. Iye tí ẹ bá bá lọ́jà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Bí yùríà bá jẹ́ 46,000 náírà, kìlò náítírójìn kan jẹ́ 2,000 náírà. Bí NPK bá jẹ́ 45,000, kìlò kan di 6,000. Òótọ́ ni pé NPK ní oúnjẹ méjì mìíràn nínú, ó sì dára nígbà tí a bá ń gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n ẹni tó tún ń fi NPK bọ́ àgbàdo tó ti tó orúnkún ń sanwó ohun tí àgbàdo kò bèèrè mọ́.

Bí kìlò àgbàdo bá jẹ́ 400 náírà, kìlò márùn-ún ni yóò san owó kìlò náítírójìn kan, kí a tó ka èlé, owó ọkọ̀ àti owó alágbàṣe. Ìmọ̀ràn tí a mọ̀ ni kìlò náítírójìn 120 fún hẹ́kítà kan, èyí tí ó tó bí àpò yùríà méjì fún éékà kan. Àpò àkọ́kọ́ ni ó máa ń mú èrè wá jù. Ẹ má ṣe rò pé àpò kẹta yóò ṣe bíi ti àkọ́kọ́.

A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Lóko àwa fúnra wa, a jẹ́ kí àwọn alágbàṣe da yùríà sórí ilẹ̀ nígbà ọ̀dá, nítorí pé a fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Òórùn bí ìtọ̀ ni a gbọ́. Òórùn yẹn ni owó wa tí ó ń bá atẹ́gùn lọ. Ewé àgbàdo náà pọ́n kí òjò tó dé. Ihò kékeré, tó jìn tó ìka kan, tó sì fi bí ìbú ọwọ́ jìnnà sí ìdí àgbàdo, ni kí a dà á sí, kí a sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ọ̀rọ̀ katakata ńkọ́? Ní IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, Rattan Lal wọn yẹ̀pẹ̀ tí òjò ń wọ́ lọ lórí ilẹ̀ tó dagun. Ilẹ̀ tí a tú, tí a sì fi sílẹ̀ lásán, pàdánù púpọ̀. Èyí tí a kò tú, tí pòròpórò bo orí rẹ̀, fẹ́rẹ̀ má pàdánù nǹkan kan. Ọ̀mọ̀wé náà ni wọ́n fún ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020. Yẹ̀pẹ̀ òkè ni oúnjẹ ilẹ̀ wà. Nígbà tí àgbàrá bá gbé e, ajílẹ̀ tí a rà ń bá a lọ.

Síbẹ̀, a kò ní kí gbogbo yín lé katakata. Ilẹ̀ tó ti le gbagidi, tàbí tí koríko ẹ̀kan ti gbà, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ àìtúlẹ̀ lọ́dún kan. Ẹni tí kò túlẹ̀ yóò ra oògùn ìpako, a sì rán yín létí pé NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Pòròpórò tó ń jẹrà a sì máa jẹ nínú náítírójìn àgbàdo ní ìbẹ̀rẹ̀. (Àwọn tí màlúù ń jẹ pòròpórò wọn tán kí òjò tó dé mọ ìṣòro mìíràn tí a kò tíì rí ojútùú sí.) Ilẹ̀ tó dagun ni a ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀ láìtú.

Ẹ̀wà tí a gbìn ṣáájú àgbàdo ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní gúúsù Benin, láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ ń gbin mucuna, ìbátan wèrèpè tí kì í yúnni lára, láti fi pa ẹ̀kan, àgbàdo tó tẹ̀lé e sì ń jẹ oúnjẹ ewé rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ náà wúlò fún ẹni tó wà nítòsí olùsìn adìẹ.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan oko ọmọ ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n tú ìdajì éékà, kí wọ́n fi ìdajì sílẹ̀ láìtú, kí ajílẹ̀ wọn dọ́gba, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n wọn àgbàdo méjèèjì nígbà ìkórè. Kí akọ̀wé kọ owó katakata, ti oògùn àti ti alágbàṣe sínú ìwé. Ní ti yùríà, kí olúkúlùkù kọ iye éékà rẹ̀ àti iye àpò tí ó fẹ́, kí ó sì fi ìṣirò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí akọ̀wé tó mú un wá fún ìgbìmọ̀ ìrajà.