Ayé Ń Wọ́ Wá sí Òṣogbo, Iṣẹ́ Ńkọ́?

(Ìró: agogo àti dùndún, ariwo èrò, obìnrin tó ń polówó kẹ́ẹ̀gì.)

ASỌ̀RỌ̀: Lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun tí Arugbá bá ń jáde ní Òṣogbo, ọ̀nà ààfin Àtáọ́ja títí dé igbó Ọ̀ṣun kì í gbẹsẹ̀. Wúńdíá tó ru igbá á máa lọ láàárín, àwọn abọrẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ á yí i ká, gbogbo ojú á sì máa ṣọ́ ọ kó má baà fẹsẹ̀ kọ. Nínú èrò tó ń tẹ̀ lé e, ẹ ó rí ará Brazil, ẹ ó rí ará Kúbà, ẹ ó rí aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó wọ aṣọ funfun nigínnigín, tó fi ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun sọ́rùn. Wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú gba orí òkun lọ, Ọ̀ṣun sì bá wọn lọ. Àwọn ọmọ ọmọ ló ń padà wá yìí.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan náà, àwọn ìyá ti to kẹ́ẹ̀gì òfìfo jọ gègèrè fún ẹni tó bá fẹ́ bu omi Ọ̀ṣun lọ sílé. Oníkòròpé ń pe èrò, ọlọ́kadà ń fọn fèrè, aláàmàlà ń rokà, onífọ́tò ń sá lọ sá bọ̀. Ọjọ́ náà máa ń san gbogbo wọn. Ìbéèrè tó gbé wa jáde lónìí ni pé, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ ńkọ́?

(Orin ètò wọlé, ó lọ sílẹ̀.)

ASỌ̀RỌ̀: Ayé ti lu jára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo láàárọ̀, wọ́n á ti máa wò ó lórí fóònù ní Salvador ti ilẹ̀ Brazil kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Orílẹ̀-èdè bíi tiwa, tó ṣì ń gòkè àgbà, kò yé gbọ́ ọ pé ìrìn-àjò afẹ́ yóò fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi Òṣogbo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ọdún 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé. Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa ló kọ́kọ́ wọ ìwé náà láti Nàìjíríà, ní 1999. Igbó Ọ̀ṣun ló ṣìkejì. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, ojúbọ àti ère kún inú rẹ̀ káàkiri. Bí wọ́n bá ń sọ bí igbó yìí ṣe yè é, orúkọ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá ni ti Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ọmọ Austria tí wọ́n bí ní 1915, tó dé Nàìjíríà nígbà ìjọba òyìnbó, tó fi Òṣogbo ṣe ilé títí tó fi kú síbẹ̀ ní 2009. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ po sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí mọ ère. Kàsálì Àkàngbé ń gbẹ́ igi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Ọwọ́ wọn wà lára ohun tí àlejò ń ya ní fọ́tò lónìí.

Nínú ìlú náà, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ní 1962 ni òṣèré Dúró Ládiípọ̀ ṣí ilé ọnà Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo. Nígbà tó fi di 1964, ó ti gbé eré Ọba Kò So dé Berlin. Nínú ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, iná orí ìtàgé ni Jímọ̀ Bùráímọ̀ ń mójú tó, kó tó di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Ijó ni Twins Seven-Seven ń jó fún oníṣòwò òògùn kan tó fi dé Òṣogbo. Tọkọtaya òyìnbó, Ulli Beier àti Georgina Beier, fún wọn ní ọ̀dà, bébà àti àyè, kò pẹ́ tí iṣẹ́ wọn fi dé àwọn ilé ọnà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 2005, ọdún kan náà tí igbó Ọ̀ṣun wọ ìwé UNESCO, àjọ náà fi Twins Seven-Seven ṣe ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà rẹ̀ fún àlàáfíà.

Mo ń ka àwọn orúkọ wọ̀nyí nítorí èrò kan tó ti wọ̀ wá lára, pé àlejò ló ń mú iṣẹ́ wá. Ní Òṣogbo, àlejò bá iṣẹ́ nílẹ̀ ni. Bíríkìlà, oníná, oníjó, aláró, wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn kí ayé tó gbọ́. Bí ọwọ́ wọ̀nyí bá kú, kí ni àlejò ń bọ̀ wá wò?

(Ìró: ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀, lẹ́yìn náà, ariwo ọkọ̀ lójú pópó.)

ASỌ̀RỌ̀: Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé owó àlejò kan. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ òkèèrè ló gba owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìkẹjà ló balẹ̀ sí, hòtẹ́ẹ̀lì Èkó ló sùn lálẹ́ àkọ́kọ́, Èkó ló ti háyà ọkọ̀ tó gbé e wá, afinimọ̀nà sì bá a wá láti ibẹ̀. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti gba yàrá ní Òṣogbo, ìkànnì tó bá a gbà á, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè òkun, yóò yọ ìpín tirẹ̀ kí onílé tó fọwọ́ kan owó. Kí owó ọ̀hún tó dé Òṣogbo, ó ti rù. Èyí tó kù ni owó ìwọlé igbó, oúnjẹ, kẹ́ẹ̀gì, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ. Àwọn tí wọ́n gbà láti fọ aṣọ ibùsùn lọ́sẹ̀ ọdún, bí ọdún bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ó dìgbà. Mi ò ní pe ìyẹn ní iṣẹ́, mo máa pè é ní oore ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn ará Gambia mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Láti 1965 ni àwọn ará Sweden ti ń bá ọkọ̀ òfuurufú lọ gba oòrùn ní etíkun wọn, ìrìn-àjò afẹ́ sì di ọ̀kan nínú òpó tó gbé ọrọ̀ ajé wọn ró. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2019, ilé iṣẹ́ Thomas Cook ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kógbá sílé. Òun ló ń kó apá tó pọ̀ nínú àlejò Gambia wá. Ìjọba wọn ní láti pe ìpàdé pàjáwìrì. Ẹni tó ń dín ẹyin àárọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì etíkun kò mọ àwọn olówó Thomas Cook rí, gbèsè wọn ló sì fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òṣogbo tọ́ tiẹ̀ wò lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kòrónà dé, wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú wa mọ́ ọkọ̀ òkè òkun ní oṣù Kẹta 2020, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó ṣí i. Oṣù Kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun máa ń wáyé, bọ́ sáàárín. Wọ́n ṣe ètùtù, nítorí ọdún Ọ̀ṣun kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò òkèèrè kò rọ́nà wá. Nínú oṣù Kẹjọ yẹn gan-an ni owó áńsì wúrà kan kọjá 2,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ fi ìyẹn pamọ́, a ó padà sórí rẹ̀.

(Ìró: aṣọ tí wọ́n ń rì bọ inú ìkòkò aró, omi tó ń kán.)

ASỌ̀RỌ̀: Òṣogbo Ìlú Aró. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, ó sì ní ìdí.

Aládìrẹ tó fẹ́ ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ yóò ro ẹ̀kọ láfún, yóò fi alúmù sí i, yóò jẹ́ kó tutù. Yóò tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, yóò mú ìyẹ́ adìẹ, yóò sì máa fi ẹ̀kọ yàwòrán sórí aṣọ náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, tó tò wínníwínní. Bó bá jẹ́ Ìbàdàndùn ló ń yà, òpó gbọ̀ngàn Mápó gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, ó di inú aró: rì í, yọ ọ́, jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Bó bá ti ń jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni. Ìṣojú rẹ ló ti máa yí padà, tí yóò di aró. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún yọ ọ́, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, tí ọnà á jáde. Ẹ wá ṣírò iye ẹnu tó ti jẹun lára ìró kan ṣoṣo: ẹni tó ta láfún, ẹni tó ya ọnà, aláró, ọmọ iṣẹ́ tó ń sá aṣọ, télọ̀, ẹni tó ń tà á. Èyí ni mo ń pè ní iṣẹ́. Kò dúró de oṣù Kẹjọ.

Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, mọ èyí dáadáa. Ó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní adìrẹ, bàtíìkì àti iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ayé tó lu jára wúlò fún irú wọn: aládìrẹ lè gbé aṣọ sórí Instagram ní Òṣogbo kí oníbàárà ní London rà á lọ́jọ́ kan náà, láìsí alárinà.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí adìrẹ gbà jáde ni aṣọ ẹ̀rọ gbà wọlé. Àpẹẹrẹ tí ẹnì kan fi ìyẹ́ adìẹ yà, fọ́tò rẹ̀ ń dé ilé iṣẹ́ aṣọ ní Ṣáínà lórí fóònù, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ yanturu, kóńtánà á kó o padà wá, wọ́n á sì máa pè é ní adìrẹ. Ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, àwọn aládìrẹ ti figbe ta títí. Ó sì dùn mí láti sọ ọ́ pé kì í ṣe Ṣáínà nìkan ló ṣe é. Oníṣòwò wa wà lára àwọn tó ń gbé àpẹẹrẹ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá ti ọwọ́ mọ̀ yàtọ̀, kó wo ọnà náà dáadáa. Ẹ̀rọ á tún nǹkan kan náà tẹ̀, bákan náà, látòkè délẹ̀. Ti ọwọ́ kì í bára mu tán.

Owó tiwa náà tún dá kún ìṣòro aládìrẹ. Oṣù Kẹfà 2023 ni ìjọba fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà kó tó dìgbà yẹn ti lé ní 1,500 nígbà tí 2024 fi ń parí. Ẹnikẹ́ni tó bá fi dọ́là wá Òṣogbo ń rí i pé nǹkan rọjú. Aládìrẹ kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ aṣọ funfun tó ń rà, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wọlé. Kẹ́míkà aró náà, òkè òkun. Aṣọ ẹ̀rọ gbówó lérí lóòótọ́, síbẹ̀ kò tó owó ti ọwọ́. Ẹni tó ń rán aṣọ ẹbí fún igba èèyàn, èwo ni kó rà?

(Ìró: omi odò; ẹ̀rọ tó ń fa omi, ṣọ́bìrì tó ń walẹ̀.)

ASỌ̀RỌ̀: Ó wá kan wúrà tí a ní a ó padà sórí rẹ̀. Odò Ọ̀ṣun ti ilẹ̀ Èkìtì wá, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Òṣogbo. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní wúrà nínú. Ní Ìtaguǹmọ́dì àti agbègbè rẹ̀, wọ́n ń wà á láìgbàṣẹ àti pẹ̀lú àṣẹ. Bí owó wúrà ṣe ń ga sí i lọ́jà àgbáyé ni ṣọ́bìrì ń pọ̀ sí i nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń ṣàn wọ odò, mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń kó wúrà jọ ń bá a lọ. Omi Ọ̀ṣun di pupa bíi ti amọ̀. Nígbà tó di 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nípa lílo omi náà.

Àwọn tó ń wa wúrà ń wá oúnjẹ òòjọ́, mi ò ní bú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjà ayé ṣe ń fi ọwọ́ kan fúnni níṣẹ́, tó ń fi èkejì gbà á lẹ́nu ẹlòmíràn. Omi yẹn ni ọmọ Brazil ná owó ọkọ̀ òfuurufú tìtorí rẹ̀. Omi yẹn ni ìyá oníkẹ́ẹ̀gì gbẹ́kẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ba odò jẹ́ tán, wúrà á lọ, àlejò ò ní wá mọ́, ihò ilẹ̀ ni yóò kù fún ará Ìjẹ̀ṣà.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo ní fún àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò afẹ́ wa kò jẹ mọ́ pátákó ìpolówó. Àwọn ère inú igbó ń fẹ́ àtúnṣe. Òjò àti ikán ń jẹ wọ́n. Àjọ Àdùnní Olórìṣà ti ń gbìyànjú lórí èyí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ aládàáni kan kò lè dá a gbé. Ẹ gba àwọn ọ̀dọ́ bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà Òṣogbo sẹ́nu iṣẹ́ náà látoṣù dóṣù, kí àwọn àgbà tó kù kọ́ wọn kí ojú tó ṣú. Ẹ jẹ́ kó di òfin pé afinimọ̀nà tó máa mú àlejò wọ igbó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ ní Òṣogbo. Kí adìrẹ ọwọ́ ní òǹtẹ̀ tó gbé orúkọ ẹni tó ṣe é àti ìlú rẹ̀, kí ẹni tó bá fi orúkọ adìrẹ ta aṣọ ẹ̀rọ máa sanwó ìtanràn. Ní ti odò, ìjọba àpapọ̀ ló ń fún àwọn awakùsà níwèé àṣẹ, òun náà ló lè gbà á padà. Ibi tí omi ti ń bàjẹ́ kò fara sin, ẹ̀rí wà nílẹ̀, kí Abuja ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kí ọdún Ọ̀ṣun tó ń bọ̀ tó dé.

(Orin ètò.)