Ìwé La Fi Ń Ṣọ́ Ilé, Kì Í Ṣe Àgádágodo

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa

 

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ nípa bí onílé ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, wọ́n ní ta ni ó ní ilé nínú wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tí ó fi owó ófátáìmù ogún ọdún kọ́ yàrá mẹ́fà sí ọ̀nà Agége. Mo mọ awakọ̀ tí ó yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra ilẹ̀, tí ó ń ra búlọ́ọ̀kù ní àádọ́ta-àádọ́ta títí ó fi kan òrùlé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọrọ̀, owó ogbó ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí á máa lọ sílé, owó yàrá mẹ́ta tí a fi háyà ni a ó fi ra oúnjẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ilé náà bá bọ́ sínú ẹjọ́, tàbí tí ó bá wó, iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún ni ó bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹlẹgbẹ́ wa kan tí ó ti fẹ̀yìn tì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ayálégbé rẹ̀ kan, tí ó ń san owó ní oṣooṣù, jẹ ẹ́ ní owó oṣù mẹ́jọ. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó pe àwọn àgbà àdúgbò sí i. Nígbà tí ó sú u, láàárín òjò oṣù keje, ó gbé àkàbà, ó sì ká páànù kúrò lórí yàrá ọkùnrin náà. Òjò ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́, ó ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́, ó ba ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ jẹ́. Ayálégbé gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè ṣe di ẹlẹ́ṣẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣírò ohun tí ó bàjẹ́, gbèsè oṣù mẹ́jọ rì sínú rẹ̀, owó lọ́yà sì tún wà lọ́tọ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ó ti borí kí ó tó gun àkàbà. Òfin àyálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé bí ẹni tí ń san owó ní oṣooṣù bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, àyágbé rẹ̀ ti parí, kóòtù yóò sì pàṣẹ kí ó kó jáde, kí ó san gbèsè náà pẹ̀lú, bí onílé bá lè fi ẹ̀rí gbèsè náà hàn. Ẹ gbọ́ o: bí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ni ẹlẹgbẹ́ wa ní, tí òun nìkan ń kọ nǹkan sí. Kò fún ẹnikẹ́ni ní rìsíìtì rí.

Òfin náà sọ ohun tí ó yẹ kí ó wà lórí rìsíìtì: ọjọ́ tí a gba owó, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye tí a gbà, àti oṣù tàbí ọdún tí owó náà wà fún. Àwọn kan rò pé nítorí ayálégbé ni wọ́n ṣe fi èyí sínú òfin. Onílé ni ó gbà là jù. Ẹ ra ìwé rìsíìtì oníbejì lọ́jà, èyí tí ó ní kábọ̀nù. Ẹ fún un ní ti òkè, kí ti ìsàlẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí rìsíìtì bá dáwọ́ dúró, ọjọ́ náà ni gbèsè bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn.

Ọ̀rọ̀ àkàbà yẹn, òfin kò fi ṣeré. Onílé tí ó bá wó ilé, tàbí tí ó yí i padà kí ayálégbé lè sá jáde, tàbí tí ó fi ipá lé e láìsí àṣẹ kóòtù, lè san ìtanràn tí ó tó N250,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yọ fèrèsé ayálégbé tí ó ní òun ń tún ilé ṣe ni, òfin ti rí i tẹ́lẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀ tàbí kí a dí ọ̀nà mọ́ ọn. Kì í sì í ṣe àwa mẹ̀kúnnù nìkan ni òfin dè. Ní 1986, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí sọ fún ìjọba ológun Èkó pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ipá lé Ojukwu kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú kóòtù. Bí ìjọba tí ó ní sójà kò bá gbọdọ̀ ṣe é, kí ni ti onílé tí ó ní àkàbà?

Ó máa ń yà mí lẹ́nu. Nígbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá lé ẹnì kan nínú wa lójijì, àwa ni a máa ń pariwo: kwẹ́rì dà? Ṣé ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀? Nótíìsì dà? Ṣùgbọ́n kí ẹni náà di onílé, kíá ni ó ti di mánéjà tí kò ní ìwé òfin. Ohun tí ẹ̀ ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín, òun náà ni ayálégbé ń bèèrè lọ́wọ́ yín. Mi ò sọ pé kí ẹ jẹ́ kí ó jẹ yín run o. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà tí ó tọ́ ni ó ń gba ilé rẹ̀.

Ọ̀nà náà nìyí. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ìwé kúìtì oṣù kan ni ti ẹni tí ń san owó oṣooṣù, oṣù mẹ́ta ni ti ẹni tí ń san oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù mẹ́fà ni ti ẹni tí ń san owó ọdún. Nígbà tí àkókò náà bá pé tí kò jáde, a ó fún un ní ìwé ọjọ́ méje pé a ń lọ sí kóòtù. Lẹ́yìn èyí ni kóòtù. Ẹ fi ìwé náà lé ẹni náà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí àgbàlagbà tí ń bá a gbé. Bí ó bá ń sá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú ti lè rí i lára ilé, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó dé kóòtù, ilé ìlàjà ìjọba Èkó wà, Citizens' Mediation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999. Wọn kì í gba owó. Mo ti tẹ̀ lé ẹlẹgbẹ́ wa kan débẹ̀, èmi tí mo parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo fi alẹ́ kọ́ ìyókù, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni ó sì yé mi.

Ti owó àsansílẹ̀: onílé kò gbọdọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bí ẹni tí ó ti wà nínú ilé bá jẹ́ olóṣooṣù, kò gbọdọ̀ gbà ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìtanràn N100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni. Òfin 2011 yìí kò kan Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹnì kan nínú ẹ̀ka wa tí ó kọ́lé síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀tà, Mọ́wé àti Ìbàfò, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni yín. Ẹ bi lọ́yà ní tòsí yín ní iye oṣù tiyín. Ti àkàbà kò yàtọ̀ níbikíbi.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ má gbàgbé iná. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ó wà lójú mítà lọ́jọ́ tí ó wọlé àti lọ́jọ́ tí ó ń jáde. Ayálégbé lè lọ sí Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n gbèsè iná kì í bá a lọ, ẹnu ọ̀nà yín ni àwọn oníná ń kó àkàbà tiwọn wá.

Ó kan àtúnṣe. Ayálégbé kan á wá bá yín pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi táìsì sílẹ̀, kí n tún ilé ìwẹ̀ ṣe.” Inú yín á dùn, ẹ ó ní kí ó máa ṣe é lọ. Ẹ dúró ná. Òfin sọ pé bí onílé bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tí ó sì wá fún un ní kúìtì, ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè owó ohun tí ó ṣe nígbà tí ó bá ń jáde. Nítorí náà, kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ kọ iye tí yóò ná sílẹ̀, ẹ kọ bóyá ẹ ó yọ ọ́ nínú owó ilé àti ní oṣù mélòó, kí àwọn rìsíìtì ọjà sì wà lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń tún ilé ṣe, ẹ ra ọjà fúnra yín, ẹ ka àpò sìmẹ́ǹtì nígbà tí ó bá wọlé àti nígbà tí wọ́n bá tú u. Ẹ má san owó bíríkìlà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san án bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ, kí ó sì ku díẹ̀. Ti oníṣẹ́ páànù, ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀ kí ẹ tó san ìkẹyìn. Kí àwa tí a ń bá ilé-iṣẹ́ jà nítorí bàtà àti ìbọ̀wọ́ má sì ṣe gbé ọmọ ẹlòmíràn sórí pákó tí ó ti jẹrà. Bí ó bá já lulẹ̀, ẹnu ọ̀nà yín ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń bọ̀.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n bá rí yanrìn níwájú ilé, tí wọ́n ní kí ẹ wá san owó dẹ́kìn tàbí owó òrùlé, Èkó ti ṣe òfin sí i ní 2016. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn. Ẹ má bá wọn jà lójú títì.

Ṣùgbọ́n èyí tí ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ẹni tí ó ní ilé ilẹ̀ tí ó fẹ́ gbé àjà lé e. Bíríkìlà á fi ọwọ́ gbá ògiri, á ní, “Ọ̀gá, ó lè gbé e.” Ọwọ́ kì í rí ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí a gbẹ́ fún páànù kì í ṣe èyí tí ń gbé dẹ́kìn. Ní oṣù kẹta 2019, ilé kan tí ilé ìwé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, ní Erékùṣù Èkó, ó sì pa ọmọdé. Ní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó lé ní ogójì ènìyàn tí ó kú, òṣìṣẹ́ bíi tiwa sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ LASPPPA, kí ẹnjiníà gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé wò, kí àwọn LASBCA sì wá yẹ iṣẹ́ wò bí ó ti ń lọ. Ó ń náni lówó, ó sì ń fa ẹsẹ̀ ẹni nílẹ̀. Bí ẹnjiníà bá ní kò lè gbé e, ẹ jẹ́ kí ó wà ní ilé ilẹ̀. Yàrá mẹ́fà tí ó dúró ń mówó wọlé ju méjìlá tí ó wó pa ayálégbé.

Mo mú ìwé rìsíìtì oníbejì kan àti àpẹẹrẹ ìwé kúìtì dání, wọ́n wà lórí tábìlì Akọ̀wé, kí ẹ fi ojú rí wọn. Alága, mo dá ilẹ̀ padà fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìbéèrè.