Kí Ló Ń Pa Bátìrì Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ iná ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra bátìrì olóòjé mẹ́rin fún ínfátà ilé mi. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní ọdún márùn-ún ni wọn yóò lò. Wọn kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi dákẹ́. Rewáyà tó wá yẹ̀ wọ́n wò mi orí, ó ní, “Bàbá, ayédèrú ni wọ́n gbé fún yín.” Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àfìgbà tí a gbé ọ̀kan dé yàrá ìwádìí tí a sì tú u. Òjé gidi ló wà níbẹ̀, ó sì pé. Ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ni nǹkan funfun kan, líle bí iyọ̀ tó dì, tó bo ojú àwọn àwo òjé náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí nǹkan funfun yìí. Nígbà tí bátìrì olóòjé bá ń gbé iná jáde, òjé àti ásíìdì inú rẹ̀ a máa para pọ̀ di súlífétì òjé. Òun ni funfun náà. Bí a bá tètè rọ iná padà títí bátìrì fi kún dẹ́múdẹ́mú, á yòrò, á padà sí bó ṣe wà. Bí bátìrì bá ń wà ní àìkún lójoojúmọ́, á dì, á le, kò sì ní í gbọ́ràn sí iná mọ́. Ohun tó tún wá burú ni pé díẹ̀ tó kù kó kún yẹn ló máa ń pẹ́ jù láti rọ.

Ẹ wo ilé wa. NEPA mú iná wá fún wákàtí méjì, wọ́n mú un lọ. Oòrùn yọ, sólà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹnì kan ki àyọ́ọ̀nù bọ ihò iná. Oṣù Agẹmọ dé, ojú ọ̀run ṣú fún odindi ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo ka àkọsílẹ̀ inú ínfátà mi, mo rí i pé bátìrì náà lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àìjẹyó ló pa á. À ń bú ọlọ́jà, ọlọ́jà ń bú ilé-iṣẹ́. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì gidi pàápàá, ìwà òjé àti ìwà iná wa kò bára mu.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé nínú gbogbo ohun tí ìwádìí iná mànàmáná ti bí, bátìrì lítíọ́mù, pàápàá èyí tí wọ́n fi irin àti fọ́sífétì ṣe, ló bá ilé wa mu jù. Àìkún kì í ṣe é ní nǹkan. Kódà, kó kún gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ fún oṣù pípẹ́ ló ń tètè sọ ọ́ di arúgbó.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fi ojú inú wo ọ̀sà tó ní èbúté méjì. Lítíọ́mù ni èrò tó ń wọ ọkọ̀ láti èbúté kan dé ìkejì. Ẹrù rẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, kò lè gba ojú omi. Orí ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà, nínú wáyà, ẹrù tó ń gba orí ilẹ̀ yẹn ló sì ń tan gílóòbù, tó ń yí fáànù. Bí a bá ń rọ iná, ńṣe là ń dá èrò àti ẹrù padà síbi tí wọ́n ti wá. Iṣẹ́ ńlá àwọn onímọ̀ ni láti kọ́ èbúté tí kò ní í wó mọ́ èrò tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lẹ́sẹ̀.

Stanley Whittingham bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Exxon láàrin ọdún 1970 sí 1980. Ní 1980, John Goodenough ní Oxford fi kóbọ́ọ̀tì kọ́ èbúté kan. Ní 1985, Akira Yoshino ní Japan so gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìlo ògidì lítíọ́mù tó máa ń gbiná, Sony sì gbé e dé ọjà ní 1991. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni Goodenough nígbà náà.

Orúkọ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀: Rachid Yazami, ọmọ ìlú Fez ní Mòrókò. Ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí 1980, òun ló fi hàn pé lítíọ́mù lè wọ àárín gíráfáìtì kó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Èédú tó tò lábala lábala bí ojú ewé ìwé ni gíráfáìtì, lítíọ́mù a sì máa sá pamọ́ sáàárín ojú ewé náà. Inú fóònù tó wà lápò yín báyìí, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Áfíríkà yìí wà níbẹ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà fi ẹ̀bùn Draper dá òun, Goodenough, Yoshino àti Yoshio Nishi lọ́lá. Nobel kì í pín ẹ̀bùn kan fún ju ẹni mẹ́ta lọ. Orúkọ Yazami kò sí níbẹ̀. Ó dùn mí.

Irin àti fọ́sífétì ńkọ́? Ní 1997, Goodenough àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ní Austin kéde pé wọ́n lè fi kọ́ èbúté. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ! Fọ́sífétì tó wà nínú ajílẹ̀ àgbẹ̀! Àléébù rẹ̀ kan ni pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í rìn dáadáa nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Montréal, tí Michel Armand wà lára wọn, wá fi èédú tẹ́ẹ́rẹ́ wọ eruku rẹ̀ láṣọ, ọ̀nà là. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni ti ààbò. Bí bátìrì oníkóbọ́ọ̀tì bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ara rẹ̀ ló máa ń tú ọ́síjìn sílẹ̀ tí iná á máa jẹ. Fọ́sífétì di ọ́síjìn tirẹ̀ mú ṣinṣin.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ iná, ẹ gbọ́ eléyìí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan bátìrì onífọ́sífétì ń mú fólítì 3.2 wá. Ẹ to mẹ́rìndínlógún, ó di 51.2, èyí tí ọlọ́jà ń pè ní 48. Bí ẹyọ kan bá kún ṣáájú àwọn yòókù tí a kò dúró, á bàjẹ́. Bódù kékeré tí ẹ ń pè ní BMS ló ń ṣọ́ wọn. Ẹni tó bá yọ bódù náà kí iná lè pọ̀ sí i, ilé onílé ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Owó bátìrì lítíọ́mù ń wálẹ̀. Ní 2010, bátìrì lítíọ́mù tó lè gba yúníìtì kan ju 1,000 dọ́là lọ lágbàáyé. Ní 2024, ó ti di nǹkan bí 115. Ti ilé a máa wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá fi dé ọ̀dọ̀ wa, mo mọ̀.

Ohun tó wá ń gbà mí lóorun báyìí ni bátìrì sódíọ́mù. Sódíọ́mù ni ìdajì iyọ̀ ọbẹ̀. Kò sí etíkun tí kò sí. Àmọ́ kò lè dúró dáadáa nínú gíráfáìtì. Ní 2000, Stevens àti Dahn ní Halifax, ní Kánádà, sun gúlúkóòsì láìsí atẹ́gùn títí ó fi di èédú líle, ojú ewé inú rẹ̀ rí rúdurùdu, sódíọ́mù sì ráyè wọ̀ ọ́. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ CATL ní Ṣáínà kéde bátìrì sódíọ́mù tó ń gba wákàtí-wáàtì 160 nínú kílò kan. Kò tí ì tó ti lítíọ́mù tó dára jù, ṣùgbọ́n ilé kì í rìn. Ìwọ̀n bátìrì kò ni ilé lára bó ṣe ń ni ọkọ̀.

Èèpo líle àgbọn wà lára ohun tí wọ́n ń sun di èédú yìí lágbàáyé. Èyí tí à ń dà nù ní Àgbádárìgì! Àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun tiwa ní yàrá ìwádìí wa. Ààrò tí a fi ń sun ún gbọ́dọ̀ gbóná ju 1,000 ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdáwọ́dúró, ẹ̀ẹ̀mejì ni NEPA sì mú iná lọ láàárín iṣẹ́, tí ohun tí a sun bàjẹ́. Lóṣù tó kọjá, a so ààrò náà mọ́ bátìrì onífọ́sífétì. Ó jó fún wákàtí mẹ́fà gbáko láìkú. Èèpo ekùrọ́ ló kàn.