Ọ̀rọ̀ Ìgbìmọ̀ Lórí Mẹ́mọ́rì Láptọ́ọ̀pù Ẹgbẹ́



Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹ ní kí àwa ìgbìmọ̀ wádìí bóyá kí a ra mẹ́mọ́rì kún ti láptọ́ọ̀pù akọ̀wé tí kì í tètè dáhùn. Owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín ni a ó fi rà á, nítorí náà a kò fẹ́ fi ìkánjú ná an.

A kọ́kọ́ ní kí akọ̀wé ṣí gbogbo iṣẹ́ tí ó máa ń ṣe pọ̀: ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, lẹ́tà, àti íntánẹ́ẹ̀tì. A wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, a sì wo ibi tí wọ́n kọ Performance sí. Mẹ́mọ́rì ni tábìlì tí akọ̀wé ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Díìsìkì ni kọ́bọ́ọ̀dù tí fáìlì ń gbé. Bí tábìlì bá kún, ìgbà gbogbo ni yóò máa dìde lọ sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. 4GB ni tábìlì tiwa, ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ sì ti kún kí a tó ṣí lẹ́tà kejì. Ká ní mẹ́mọ́rì ṣì láyè, tí ó jẹ́ díìsìkì nìkan ni ó ń fà sẹ́yìn, SSD ni à bá rà.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà, bíi MacBook Air, tí wọ́n ti fi òjé lẹ mẹ́mọ́rì wọn mọ́ bọ́ọ̀dù; kò sí ibi tí a lè ki tuntun bọ̀. Tiwa ní ojú méjì, ọ̀kan ṣófo. DDR4 ni ó ń gbà. DDR3 kò lè wọ ibẹ̀, ohun yòówù kí oníṣòwò sọ.

Microsoft parí àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Bí tiwa kò bá lè gba Windows 11, à bá máa kun ilé tí à ń kó kúrò nínú rẹ̀ ni. Ó gbà á. Òótọ́ ni pé Windows 11 ní 4GB ni ó kéré jù, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ju kí ó ṣáà tàn lọ.

Mẹ́mọ́rì ti gbówó lórí láti ìparí ọdún 2025, nítorí pé kọ̀ǹpútà ńláńlá tí AI ń lò ń gba púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń ṣe. Ìmọ̀ràn wa ni kí a ra 4GB kan ṣoṣo, kí ó di 8GB. Lẹ́tà àti ìwé owó kò nílò 16GB tí wọ́n ń polówó fún wa. Kí wọ́n kì í bọ̀ ọ́ lójú akápò, kí rìsíìtì sì wá sí ìpàdé. Ẹni tí ó bá lòdì sí i, kí ó nawọ́ báyìí, kí akápò tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì.