Ìtọ́jú Irun ní Ìlànà Ayurveda

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa lónìí ni ti irun tí ó gbẹ, èyí tí ó ń já, àti èyí tí ó ń re láti ìdí. Ojú Ayurveda, ìmọ̀ ìwòsàn àtayébáyé àwọn ará Íńdíà, ni a ó fi wò ó. Èwo ni kí á gbà níbẹ̀, èwo ni kí á sì ṣọ́ra fún?

Àwọn ìwé àgbà ìmọ̀ yìí, Charaka Samhita àti Sushruta Samhita, kọ́ni pé ipá mẹ́ta ni ó ń darí ara: vata, tí ó jẹ mọ́ afẹ́fẹ́, pitta, tí ó jẹ mọ́ iná, àti kapha, tí ó jẹ mọ́ omi àti ilẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ wọn, bí pitta àti vata bá ru sókè ní ìdí irun, irun a re. Kapha a sì dí ihò tí òmíràn ìbá gbà hù. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú wọn fi kan oúnjẹ àti oorun pẹ̀lú.

Wọn a mú òróró àgbọn tàbí ti yànmọ̀tí, tí wọ́n ti se pọ̀ mọ́ ewé bhringraj tàbí èso amla, wọn a yá a lórí iná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọn a fi ìka wọ́ awọ orí pẹ̀lú rẹ̀, wọn a fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó fi èso shikakai, tí ń hó bí ọṣẹ, fọ̀ ọ́. Láti inú ọ̀rọ̀ Hindi fún irú wíwọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí orúkọ tí a ń pè ní ṣampú.

Ǹjẹ́ òótọ́ wà níbẹ̀? Ó wà. Ní 2003, Rele àti Mohile fi hàn pé òróró àgbọn ń dín purotéènì tí irun ń pàdánù kù, nítorí pé ó lè wọ inú irun lọ. Nítorí náà, ó wúlò fún irun tí ó gbẹ tí ó sì ń já.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni irun tí ń re. Kí irun 50 sí 100 re lóòjọ́ kì í ṣe àrùn. Lẹ́yìn ìbímọ tàbí ibà líle, ó lè re púpọ̀ ní oṣù kejì tàbí ìkẹta. Ó sábà máa ń padà hù. Bí ó bá jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí làpálàpá ni ó fà á, òróró nìkan kò lè wò ó. Ilé ìwòsàn ni kí á lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ewu tí ó tóbi jù wà nínú oògùn gbígbé mì. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yẹ oògùn Ayurveda 193 wò. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ó ní òjé, mákúrì tàbí arsenic nínú. Májèlé ni wọ́n.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, pé ìmọ̀ kan ti pẹ́ kò sọ ọ́ di irọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ gbogbo rẹ̀ di òótọ́. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò kí á tó lò ó.