Àwọn Èèyàn Ńlá Bessé: Àwọn Tí A Mọ̀ àti Àwọn Tí A Ń Gbàgbé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn àgbà àti àlejò níbi ọdún ìbílẹ̀ wa

   

Ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn èèyàn ńlá tó jẹ mọ́ ìlú wa. Mo mú bíírò, mo jókòó sábẹ́ àtùpà, mo kọ orúkọ mọ́kànlá sílẹ̀. Nígbà tí mo tún wo ìwé náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ohun kan tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Gbogbo àwọn tí mo kọ ló ti kúrò nílé kí wọ́n tó di ẹni ńlá. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dúró sí ilẹ̀ wa yìí, láàrin odò Wẹ̀mẹ̀ tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ouémé àti odò Ọ̀pàrá tó pààlà sí Nàìjíríà. Mo wá bi ara mi pé, ṣé kò sí ẹni ńlá nílé ni, àbí ojú ọ̀nà ọkọ̀ nìkan ni mo ń wò?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó yẹ. Kò sí bí a ṣe máa ka ẹni ńlá ní ilẹ̀ Ṣábẹ tí a kò ní dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábíyìí Babalọlá Joseph Yáì. Ọmọ wa ni. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó kọ́ni ní Ifẹ̀, ó dé Bahia ní Brazil, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi í ṣe aṣojú wọn ní UNESCO ní Paris, àwọn orílẹ̀-èdè yòókù sì fi í jẹ alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ àjọ náà láti 2007 dé 2009. Ọmọ Ṣábẹ ló jókòó sórí àga yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó jáde láyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Àmọ́ kì í ṣe àga yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Ó kọ àròkọ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ó sì tú ọ̀rọ̀ wa méjì wò nínú rẹ̀. Ó ní kí a wo ọ̀rọ̀ náà *ìtàn*: inú rẹ̀ ni *tàn* wà, èyí tó ń tàn kálẹ̀ àti èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Ó tún ní kí a wo *àṣà*. Ọ̀rọ̀ náà *ṣà* ló wà nínú rẹ̀, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, tó ń yọ òkúta kúrò. Gẹ́gẹ́ bí òye rẹ̀, àṣà kì í ṣe ohun tó kàn já bọ́ láti ọwọ́ àwọn baba. Ohun tí àwọn èèyàn ṣà ni, tí wọ́n yàn, tí wọ́n mú dání. (Àpèjúwe ẹ̀wà yẹn, tèmi ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní kí n gbé e sínú àwo oúnjẹ.)

Tí a bá fi èyí wo ìwé orúkọ mọ́kànlá tèmi, èmi ni mo ṣà á. Mo ṣa àwọn tó wọ aṣọ òyìnbó, mo yọ àwọn yòókù sílẹ̀ bí òkúta.

Kì í ṣe èmi nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé ní Ọ̀yọ́, kọ ìtàn Yorùbá, ó sì parí rẹ̀ ní 1897. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ sọnù. Ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ló tún un kọ láti inú àwọn ìwé tó fi sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nínú ìwé náà, Oníṣábẹ wà lára àwọn ọmọ ọmọ Odùduwà méje. Nígbà tí wọ́n pín ogún, Alákétu gba adé, Olówu gba aṣọ, Oníṣábẹ gba màlúù. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí màlúù jẹ iṣu yín lọ́dún tó kọjá, ẹ má wò mí. Màlúù nìkan ló rí sọ nípa wa níbẹ̀, kò rí orúkọ darandaran kankan kọ.

Nígbà tó yá, obìnrin kan tí wọ́n bí ní Barcelona, Montserrat Palau-Marti, wá jókòó ti àwọn àgbà Ṣábẹ, ó fetí sílẹ̀ fún wọn, ó sì kọ ìwé lórí ìtàn Ṣábẹ àti àwọn ọba rẹ̀, èyí tó jáde ní Paris ní 1992. Ó ṣe iṣẹ́ ńlá fún wa. Èdè Faransé ni ìwé náà, àwọn ọba ló sì kún inú rẹ̀. Mi ò bá a wí. Ọ̀rọ̀ ìdílé ọba, ta ni ó jẹ ṣáájú, ta ni ó dé lẹ́yìn, kì í ṣe iṣẹ́ mi lónìí. Àwọn tó ni ín wà níbí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju mí lọ.

Mo fẹ́ kí a rìn dé Bantè díẹ̀. Kò jìnnà, ẹkùn Collines kan náà ni wá. Láàrin ọdún 1860, ogun Dànhòmẹ̀ kó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àwọn onímọ̀ gbà pé ọmọ agbègbè Bantè ni. Kọ́sọ́lá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n mú un dé Wìdà, wọ́n tà á, wọ́n sì fi ọkọ̀ Clotilda gbé òun àti àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí Mobile ní Alabama. Òfin Amẹ́ríkà ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún ṣáájú, nítorí náà ni wọ́n ṣe dáná sun ọkọ̀ náà kí ó rì. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, wọn kò rí owó tí wọ́n máa fi padà sílé. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ìletò tiwọn, tí a mọ̀ sí Africatown títí dòní. Cudjo Lewis ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe Kọ́sọ́lá.

Ní 1927, Zora Neale Hurston, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń kọ ìwé, lọ bá a nígbà tó ti di arúgbó. Orúkọ tó ti ilé wá ni obìnrin náà fi pè é. Bàbá náà sunkún ayọ̀. Ó wá sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀ fún un, lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́rin ọdún, ní ilẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè bá a pe orúkọ wọ̀nyẹn dáadáa. Ó kú ní 1935. Ìwé tí Hurston kọ kò rí ẹni tẹ̀ ẹ́ títí di 2018. Ọdún kejì ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù ọkọ̀ Clotilda ni àwọn rí nínú odò.

Ẹni tí ogun kó, tí wọ́n tà, tí kò padà wálé mọ́, ó mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò kó, tí a sùn sílé wa lánàá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí ìjọba ń forúkọ gbogbo ará ìlú sílẹ̀, ní nǹkan bí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n jókòó ti tábìlì, kí n máa túmọ̀ fún àwọn àgbà tí kò gbọ́ Faransé. Ìyá arúgbó kan dé iwájú wa. Wọ́n bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ọlọ́kọ̀." Mo ní, "Ìyá, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n gan-an ńkọ́?" Ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń pè wọ́n."

Èmi náà mọ bàbá yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí afárá tó wà, òun ló ń fi ọkọ̀ onígi gbé wa kọjá lásìkò òjò. Tí odò bá kún, tí omi náà pọ́n bí amọ̀, kì í gba owó lọ́wọ́ aboyún, kì í sì í gbé ọ̀mùtí. Ó mọ ibi tí òkúta wà lábẹ́ omi bí ẹ ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé yín. Lóru ọjọ́ kan, ó gbé ìyá mi kọjá nígbà tó ń rọbí àbúrò mi, ìyá ìyá mi tó jẹ́ agbẹ̀bí sì wà nínú ọkọ̀ náà tó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Àbúrò mi yẹn ti ní ọmọ ọmọ báyìí. Mélòó nínú àwa tó wà lábẹ́ igi yìí ni ọkọ̀ bàbá yẹn gbé ìyá wa? Síbẹ̀, a fi "Bàbá Ọlọ́kọ̀" sínú fọ́ọ̀mù. Ìyá arúgbó náà ti sùn. Òun ni ẹni tó kẹ́yìn nínú ọmọ rẹ̀.

Ẹ wò ó, orúkọ lásán kọ́ ni orúkọ. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pe ara wa ní ilẹ̀ Ṣábẹ: Wọ́ru, Sàbí, Bíọ̀, Bóni. Àwọn Ìbàrìbá ní Borgu ló ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ bẹ́ẹ̀, àkọ́bí títí dé ẹ̀kẹrin, ó sì wọ agbo ilé wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi pọ̀ ọ́n mọ́ orúkọ Yorùbá, tí ojú kò sì tì wá. Ẹni tó bá kọ orúkọ àwọn ará Bessé sílẹ̀, ọ̀nà tí àwọn baba wa tọ̀ dé ibí ló kọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó púpọ̀. Kí ẹgbẹ́ ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle méjì. Kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lo ìsinmi gígùn láti lọ bá àwọn àgbà nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi fóònù gba ohùn wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni náà, oríkì rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe, àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Agbẹ̀bí, atukọ̀, alágbẹ̀dẹ, ẹni tó ń yanjú ìjà ilẹ̀, obìnrin tó kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé nígbà tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Bí ẹ bá fi ɛ bí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní kí a máa kọ ọ́, ó dára. Bí ẹ bá fi ẹ bíi ti Nàìjíríà, ó dára náà. Ẹ má ṣe tìtorí lẹ́tà da ìjà sílẹ̀. Kí ìwé kan wà lọ́dọ̀ akọ̀wé wa, kí èkejì wà ní ọ́fíìsì arọ́ndísímà. Ẹ̀yin aṣojú méèrì, kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Ikán ló ń ka ìwé jù ní ọ́fíìsì onígi, ẹ̀yin náà mọ̀.

Mi ò dúró de owó ẹgbẹ́. Mo ti ra ìwé kìíní, òun rèé lọ́wọ́ mi. Ojú ìwé àkọ́kọ́, orúkọ ìyá ìyá mi ni mo kọ síbẹ̀, pẹ̀lú oríkì tí wọ́n fi ń kì í àti iye ọmọ tí mo mọ̀ pé ó gbẹ̀bí wọn. Ojú ìwé kejì ṣì ṣófo. "Bàbá Ọlọ́kọ̀" ni mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ sókè rẹ̀, kí ó lè rọrùn láti pa á rẹ́. Bí àgbà kan bá wà níbí tó mọ orúkọ tí wọ́n sọ bàbá yẹn ní ọjọ́ kẹjọ, mo wà lórí àga yìí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.